Dókítà Tí Kò Fẹ́ Kí Wọ́n Pariwo Olè

Bí ènìyàn bá fẹ́ mọ bí ìgbéraga ṣe ń rìn, kó lọ wo Dókítà Evaristo Quintanilha Falcão nígbà tó bá ń bọ́ sílẹ̀ nínú mọ́tò lẹ́nu ọ̀nà pápá ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù Alcarvela. Ẹsẹ̀ ọ̀tún á kọ́kọ́ yọ. Á dúró bẹ́ẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, bí ẹni tó ń retí kí ilẹ̀ kí òun káàbọ̀. Ẹsẹ̀ òsì á tẹ̀ lé e, ikùn á tẹ̀ lé ẹsẹ̀, orí ni yóò wá gbẹ̀yìn, bí àlejò tí wọn kò fi bẹ́ẹ̀ nílò.

Ẹ má rò pé Dókítà yìí mọ oògùn o. Kò lè wo ikọ́ adìyẹ sàn. Ní ilẹ̀ Potogí, ẹni tó bá ti gba ẹnu ọ̀nà yunifásítì wọlé, tó sì rí ọ̀nà jáde, Dókítà ni títí wọn yóò fi sin ín. Òun ka ìwé òfin ní Coimbra. Ìwé tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ fi ọdún márùn-ún kà, ọdún mẹ́wàá ló fi kà á. Bí wọ́n bá bi í léèrè, á ní ìlọ́po méjì lòun kà á.

Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí Dókítà kò kọ́ rárá láyé rẹ̀. Kò gbá bọ́ọ̀lù rí. Nígbà tí àwọn ọmọ àdúgbò ń gbá bọ́ọ̀lù létí odò Tejo, ìyá rẹ̀ há a mọ́lé pẹ̀lú dùùrù kan, kí òkúta má baà bó o lórúnkún. Nítorí náà, gẹ́gẹ́ bí ìṣe àwọn tó ń pín ipò, òun gan-an ni ààrẹ ẹgbẹ́ wá mú, tó sì fi ṣe Olùdarí Àgbà fún gbogbo ikọ̀ àwọn ọmọdé, láti orí àwọn ọmọ ọdún mẹ́fà tí okùn bàtà wọn kì í dúró ní síso, títí dé orí àwọn géńdé tó ń fá irùngbọ̀n tí kò tíì hù. Ààrẹ náà, Ọ̀gbẹ́ni Abílio Rebocho, ló ni gbogbo ilé búrẹ́dì tó wà nílùú. Àna Dókítà ló ń fọwọ́ sí ìwé àṣẹ nílé ìgbìmọ̀ ìlú. Búrẹ́dì nílò àṣẹ. Ẹ̀yin náà ẹ so ó pọ̀.

Lọ́jọ́ tí wọ́n fi í joyè, wọ́n to gbogbo ọmọ sórí pápá nínú oòrùn. Dókítà gun àpótí. Ọ̀gbẹ́ni Pimenta, akọ̀wé rẹ̀, dúró sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú áńkáṣíìfù, ó sì ti ń nu ojú kí ọ̀rọ̀ tó bẹ̀rẹ̀, kí omijé má baà pẹ́ dé.

"Ẹ̀yin ọmọ àwọn atukọ̀ tó la òkun já!" ni Dókítà ké. "Ẹ̀yin irúgbìn ògo! Ẹ̀yin àtùpà tí a kò tíì tàn! Nígbà tí mo gbójú wò yín láàárọ̀ yìí, kí ni mo rí?"

Ọmọ ọdún mẹ́fà kan nawọ́ sókè. "Ẹ rí Tomé, sà. Ó ti tọ̀ sára."

"Mo rí ọjọ́ ọ̀la!"

"Ọjọ́ ọ̀la ti rin ní ṣòkòtò," ni Mísítà Adelino fi ohùn jẹ́jẹ́ sọ. Mísítà ni gbogbo ọmọ ń pe akọ́nimọ̀ọ́gbá lọ́hùn-ún, Adelino yìí ló sì ń kọ́ ikọ̀ àwọn ọmọ ọdún mẹ́rìnlá.

Dókítà kò gbọ́. Ó ti wọ inú òkun lọ pẹ̀lú àwọn baba ńlá rẹ̀, ó ń ja ìjì líle, ó ń rí erékùṣù. Nígbà tó fi máa gúnlẹ̀, àwọn ọmọ kékeré ti jókòó, àwọn àgbà wọn ti ń fa ewéko tu. Ọ̀gbẹ́ni Pimenta pàtẹ́wọ́ títí ọwọ́ fi pọ́n.

"Dókítà, kí wọ́n gbẹ́ ọ̀rọ̀ yìí sára òkúta."

"Èwo nínú rẹ̀?"

"Gbogbo rẹ̀, Dókítà. Òkúta kò wọ́n."

Àṣẹ àkọ́kọ́ tó pa ni pé kí wọ́n gbé àga onítìmùtìmù rẹ̀ kúrò ní ọ́fíìsì, kí wọ́n gbé e sí etí pápá gan-an, lábẹ́ agboòrùn, kí àwọn ọmọ lè máa rí i bí wọ́n bá ń gbá bọ́ọ̀lù. Wọ́n gbé e síbẹ̀. Ẹ rántí ibi tí àga yẹn wà, nítorí ọ̀gá wa ìbá wà nípò dòní ká ní ó jókòó sókè lẹ́yìn gíláàsì, níbi tí kì í ti í gbọ́ nǹkan kan.

Ní ọjọ́ Àìkú kan, Dókítà lọ jẹun nílé Dóńà Constança, ọ̀rẹ́ ìdílé rẹ̀ láti ìgbà èwe. Wọ́n gbé ẹja bacalhau ka iwájú rẹ̀, pẹ̀lú ọ̀dùnkún tó wẹ nínú òróró ólífì. Àwọn ará ilé náà kì í pe ara wọn ní "ìwọ", bí wọ́n bá tilẹ̀ ń bá ajá sọ̀rọ̀, "ẹ̀yin" ni.

"Evaristo, ẹ wo Lourenço Maria ọmọ mi, ọmọ ìsàmì yín," ni Dóńà Constança wí. "Kò ní ọ̀rẹ́. Orí kọ̀ǹpútà ló ń gbé. Ẹ̀yin sì lẹ ni gbogbo bọ́ọ̀lù ìlú yìí."

"Ọmọ náà ń gbá bọ́ọ̀lù?"

"Ó ní bàtà rẹ̀."

Wọ́n ní orúkọ fún irú nǹkan báyìí níbẹ̀. Cunha ni wọ́n ń pè é, ìyẹn ègé igi tí ènìyàn ń há sábẹ́ nǹkan kí ó lè dúró níbi tí kò yẹ kó dúró. Kò sẹ́ni tó ń tijú rẹ̀ títí di ọjọ́ tí wọ́n bá fi í ti ọmọ tirẹ̀ kúrò láyè.

Lọ́jọ́ kejì, Dókítà ránṣẹ́ pe Mísítà Adelino.

"Adelino, ta ló ń wọ nọ́ńbà mẹ́wàá?"

"Ivo ni, Dókítà. Ivo Semedo."

"Mi ò fẹ́ràn bó ṣe ń sáré. Ó ń sáré bí ẹni tí wọ́n ń lé."

"Wọ́n ń lé e lóòótọ́, Dókítà. Àwọn ọmọ ikọ̀ kejì ni."

"Kò ní ìdúró. Nọ́ńbà mẹ́wàá gbọ́dọ̀ ní ìdúró. Wo Lourenço Maria."

"Ìdúró nìkan lòun ní, Dókítà. Kì í kúrò lójú kan."

"Ohun tí mò ń sọ gan-an nìyẹn!" Dókítà na ọwọ́ méjèèjì bí ẹni tí wọ́n ti gbà fún tán. "Inú mi dùn pé a jọ rí i bákan náà. Bẹ̀rẹ̀ láti Sátidé, òun ni kó máa wọ̀ ọ́."

Mísítà Adelino yọ bírò, ó kọ ọ́ sílẹ̀. Ó ní ìyàwó tí kò níṣẹ́ àti ìbejì tó ń hu eyín. Ẹ má dá a lẹ́bi jù. Ẹ dá a lẹ́bi díẹ̀.

Ta wá ni Ivo? Ọmọ ọdún mẹ́rìnlá ni, ó tẹ́ẹ́rẹ́ bí igi ìgbálẹ̀, ọ̀dọ̀ ìyá àgbà rẹ̀ ló ń gbé, Nhá Tanha, obìnrin ará Cape Verde tí gbogbo rẹfirí agbègbè náà mọ ohùn rẹ̀ ju fèrè ẹnu tiwọn lọ. Kò sí ohun tí Ivo fẹ́ ju pé kó gbá bọ́ọ̀lù fún Alcarvela. Ó sì mọ̀ ọ́n gbá. Mi ò ní sọ pé ẹ̀bùn rẹ̀ kò lẹ́gbẹ́. Àwọn bíi tirẹ̀ pọ̀ nílẹ̀ Potogí bí ẹja sáàdì lóṣù kẹfà. Ṣùgbọ́n òun ló dára jù níbẹ̀, àyè náà sì tọ́ sí i. Ǹjẹ́ ó yẹ kí ọmọ jẹ́ àràmàǹdà kí wọ́n tó má gba nǹkan rẹ̀?

Ohun tó wá burú jù nìyí. Bí ọdún bá parí, ọmọ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò bá tẹ pápá nínú ìdíje ìkẹyìn, ẹgbẹ́ á "dá a sílẹ̀". Ìdásílẹ̀! Orúkọ dídùn tí wọ́n fún lílé.

"Mísítà, kí ni mo ṣe?" ni Ivo béèrè nígbà tí wọ́n bọ́ jẹ́sì náà lọ́rùn rẹ̀.

"O ò ṣe nǹkan kan."

"Ṣé kí n wá ṣe nǹkan kan ni?"

Adelino ká jẹ́sì náà sábẹ́ abíyá. Ó ní kó lọ jókòó sórí bẹ́ǹṣì.

Dókítà ní tirẹ̀ kò pe ohun tó ṣe yìí ní olè jíjà. Kí Ọlọ́run má ṣe jẹ́! Àtúntò ló pè é. Nígbà mìíràn ó máa ń pè é ní ìran rírí. Ṣùgbọ́n inú ènìyàn kì í gbọ́ gírámà. Bó bá ti rí ọmọ tẹ́ẹ́rẹ́ yẹn lórí bẹ́ǹṣì, nǹkan kan á ta á fìn-ín lábẹ́ táì, á sì sọ fún Pimenta pé ẹja tóun jẹ ni.

Sátidé dé. Dókítà jókòó sórí àga rẹ̀ létí pápá fún ìgbà àkọ́kọ́, ó fi ẹsẹ̀ kan lé ìkejì. Lourenço Maria wọ nọ́ńbà mẹ́wàá. Ọmọ jẹ́jẹ́ ni, kò sí ohun tó burú nínú rẹ̀. Bó bá rí bọ́ọ̀lù tó ń bọ̀, ńṣe ló ń yà fún un bí ẹni tó pàdé àgbà lọ́nà. Níkẹyìn bọ́ọ̀lù kan wá bá a lẹ́sẹ̀ ní tipátipá, níwájú àga Dókítà gan-an. Ó dúró, ó ń wò ó. Lẹ́yìn rẹ̀, ọmọ ikọ̀ kejì kan ń sáré bọ̀.

"Olè!" ni Dário, balógun ikọ̀, pariwo.

"Olè! Olè!" ni Quim tó ń ṣọ́lé gbà á. Gbogbo bẹ́ǹṣì gbà á. Àwọn tó jókòó sókè pẹ̀lú búrẹ́dì ẹlẹ́ran lọ́wọ́ náà gbà á. "Olè ń bọ̀ o! Olè!"

Gbogbo ọmọ tó ti ta bọ́ọ̀lù lójú títì rí nílẹ̀ náà ló mọ ohun tí igbe yìí jẹ́. Bí ẹnì kan bá ń yọ́ bọ̀ lẹ́yìn rẹ láti gba bọ́ọ̀lù ẹsẹ̀ rẹ, ẹgbẹ́ rẹ á ké sí ọ pé olè. Ìkìlọ̀ ni. Ìfẹ́ ni. Ó ti wà kí wọ́n tó bí ìyá ẹni tó bí wọn. Dùùrù nìkan ni kì í fi í kọ́ni.

Dókítà fò dìde. Ojú rẹ̀ pọ́n bí tòmátì. Gbogbo ojú ló kọjú sí ọ̀dọ̀ rẹ̀, gbogbo ọwọ́ ló na sí ọ̀dọ̀ rẹ̀, nítorí pé iwájú rẹ̀ ni Lourenço Maria dúró sí. Àwọn àgbà ní olè ló ń mọ ẹsẹ̀ olè é tọ̀ lórí àpáta. Ọ̀gá wa rí ẹsẹ̀ ara rẹ̀.

"Pimenta! Kí ni wọ́n ń wí?"

Pimenta mọ̀ ọ́n. Etí odò ló dàgbà sí, òun náà ti pariwo olè títí ohùn fi há. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tó ti ń jẹun lábẹ́ àwọn ọ̀gá, kò sọ fún ọ̀kankan nínú wọn rí pé nǹkan kan wà tí wọn kò mọ̀.

"Ohun tí ẹ gbọ́ gan-an lèmi náà gbọ́, Dókítà."

"Wọ́n ní olè?"

"Bí ẹ bá ti ní olè ni wọ́n ní, olè náà ni."

"Ṣé èmi ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀?"

Pimenta wo ọ̀tún, ó wo òsì. "Dókítà, ta ló tún wà níbí tó tó ẹni tí wọ́n ń pè?"

Bẹ́ẹ̀ ni ìpọ́nni ṣe ń pa ọ̀gá. Ọbẹ̀ tó dùn ni, egungun wà nínú rẹ̀.

Nígbà tí ọjọ́ Ajé fi máa mọ́, àṣẹ ti jáde. Wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ gbogbo yàrá ìwọṣọ. Láti òní lọ, kò sí ọmọ Alcarvela kankan, àgbà tàbí kékeré, tó gbọ́dọ̀ dárúkọ "olè" lórí pápá, nítorí pé ọ̀rọ̀ náà ń ba ọmọlúàbí jẹ́, ó sì ń kó ìtìjú bá àwọn atukọ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá rí i pé alátakò ń bọ̀ lẹ́yìn ẹlẹgbẹ́ òun, ohun tó gbọ́dọ̀ sọ nìyí: "Ẹ jọ̀wọ́, ẹlẹgbẹ́ mi ọ̀wọ́n, ẹnì kan ń tọ̀ yín bọ̀ lẹ́yìn, ó sì dà bí ẹni pé bọ́ọ̀lù ẹsẹ̀ yín wù ú." Dókítà fúnra rẹ̀ ló kọ ọ́. Ó ní tipẹ́tipẹ́ ni bọ́ọ̀lù ti ń wá lítíréṣọ̀.

Ẹ wá wo ìyọnu. Àwọn ọmọ ọdún mẹ́fà kò lè há gbólóhùn náà sórí. Ọ̀kan bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún ní "ẹlẹgbẹ́ mi", wọ́n sì ju gólù mẹ́ta sí wọn láwọ̀n kó tó nu imú tán. Ikọ̀ àwọn ọmọ ọdún mẹ́wàá pàdánù. Ti àwọn géńdé pàdánù. Ní ilé ọtí kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá, àwọn bàbá gbé bíà kalẹ̀, wọ́n ń wo ara wọn. Dókítà kó àwọn akọ́nimọ̀ọ́gbá jọ, ó ní ohun tó fà á ni pé àwọn ọmọ kì í sọ ọ́ pẹ̀lú ìmọ̀lára.

Nínú yàrá ìwọṣọ àwọn ọmọ ọdún mẹ́rìnlá, wọ́n gbé ọ̀rọ̀ náà yẹ̀ wò.

"Kí n tó dé 'ọ̀wọ́n', bọ́ọ̀lù ti kọjá mi," ni Quim wí. "Ìyá mi gan-an ò ṣe ọ̀wọ́n tó bẹ́ẹ̀ fún mi."

"Ká máa pariwo 'Ẹlẹ́dẹ̀!'"

"Rẹfirí á ní òun là ń bú. O fẹ́ gba káàdì pupa?"

Dário ń so okùn bàtà rẹ̀. "Ẹ bi ara yín. Ọ̀rọ̀ wo ni Dókítà ò ní lè fòfin dè láé?"

Wọ́n wo ara wọn. Ẹ̀rín sì bẹ̀rẹ̀ láti igun kan, ó yí gbogbo yàrá ká, títí kan Lourenço Maria tó ń pa aṣọ rẹ̀ ní ìpapà mẹ́rin.

"Inú bàbá ìsàmì mi á dùn gan-an," ni Lourenço Maria wí, ó sì fara balẹ̀ sọ ọ́.

Nítorí náà, ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, bí alátakò bá ti ń yọ́ bọ̀, ohun tí wọ́n ń gbọ́ ni: "Dókítà! Dókítà!" Bọ́ọ̀lù á sì yọ. Ọ̀rọ̀ náà ràn bí iná ọyẹ́. Gbogbo ikọ̀ gbà á, àwọn ọmọ ọdún mẹ́fà fẹ́ràn rẹ̀ jù, nítorí pé wọ́n lè pè é já geere. Alcarvela tún bẹ̀rẹ̀ sí í borí.

Ẹ ò bá wo ọ̀gá wa! Bí wọ́n bá pariwo "Dókítà!" lápá ọ̀tún, á dìde, á ṣí fìlà, á tẹrí ba. Bí wọ́n bá pariwo rẹ̀ lápá òsì, á tún dìde. Ẹ̀yìn ń ro ó, ayọ̀ kò jẹ́ kó mọ̀.

"Pimenta, ṣé o ń gbọ́ bí wọ́n ṣe ń képè mí nínú ewu?"

"Nínú ewu gan-an ni wọ́n ń képè yín, Dókítà."

"Ìfẹ́ ni."

"Kí ni ì bá tún jẹ́?"

Ilé ọtí gbà á, ọjà ẹja gbà á, ọkọ̀ ojú omi tó ń kó èrò lọ sí Lisboa náà gbà á. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, wọ́n já báàgì gbà lọ́wọ́ obìnrin kan nínú ọkọ̀ náà. "Dókítà!" ló fi igbe bọnu. "Ẹ gbá a mú! Dókítà!" Oníṣègùn gidi kan tó wà nínú ọkọ̀ dìde láti ràn án lọ́wọ́, díẹ̀ ló kù kí wọ́n jù ú sínú odò.

Bẹ́ẹ̀, láàárín gbogbo ẹ̀rín yìí, Ivo wà lórí bẹ́ǹṣì. Ẹ má jẹ́ kó bọ́ lọ́kàn yín, gbogbo ìlú ń rẹ́rìn-ín, kò sì sẹ́ni tó gbé e dìde. Ẹ̀fẹ̀ dùn, ṣùgbọ́n kì í dá nǹkan onínǹkan padà fúnra rẹ̀. Ó ń pariwo "Dókítà!" bíi tàwọn yòókù, kí wọ́n má baà gba bọ́ọ̀lù lẹ́sẹ̀ ẹni tó wọ jẹ́sì rẹ̀. Ìdíje ìkẹyìn ló kù. Bí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò bá tẹ pápá lọ́jọ́ yẹn, ó parí.

Ọjọ́ náà pé. Ikọ̀ ńlá kan wá láti òdìkejì odò. Gbogbo àga kún. Ààrẹ Rebocho wá pẹ̀lú aṣọ tuntun, nítorí pé ìdìbò ẹgbẹ́ kù sí dẹ̀dẹ̀, ó sì jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ Dókítà létí pápá. Láàárín wọn ni bàbá arúgbó kan wà, àlejò pàtàkì láti ọ̀dọ̀ ikọ̀ kejì, ẹni tó gbá bọ́ọ̀lù dáadáa nígbà tirẹ̀. Nhá Tanha wà lókè lẹ́yìn wọn.

"Mísítà!" ni ìyá àgbà náà ké láti òkè. "Ọmọ mi ò rọ o! Ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣì ń ṣiṣẹ́!"

"Mo mọ̀, Nhá Tanha," ni Adelino wí, kò lè gbójú sókè.

"Bó o bá mọ̀, kí ló dé tí bẹ́ǹṣì ń wọ jẹ́sì rẹ̀ lórí pápá?"

Eré bẹ̀rẹ̀. Àwọn ọmọ ikọ̀ kejì kò gbọ́ nípa òfin kankan. Bí àwọn Alcarvela bá ti yọ́ lọ bá wọn, wọ́n á ké pé "Olè!" Bí àwọn náà bá yọ́ wá, àwọn Alcarvela á ké pé "Dókítà!" Bọ́ọ̀lù ń lọ, bọ́ọ̀lù ń bọ̀. Olè! Dókítà! Olè! Dókítà! Ó wá dà bí orin alágbègbà. Àwọn èrò òkè gbọ́ bó ṣe ń bára mu, wọ́n pín ara wọn sí méjì láìsí ẹni tó pín wọn, apá kan ń dá a, apá kejì ń gbè é.

Bàbá arúgbó náà yí sí ọ̀dọ̀ ààrẹ. "Ẹ jọ̀ọ́, àwọn ọmọ tiwa ń pariwo olè, tiyín ń pariwo dókítà. Ṣé nǹkan kan náà ni?"

"Nǹkan kan náà ni," ni ààrẹ dá a lóhùn, kó tó ráyè ronú.

Dókítà ti dìde láti tẹrí ba. Ó dúró bẹ́ẹ̀ ní ìdajì, fìlà lọ́wọ́. "Kí ni ẹ wí?"

"Rárá, Dókítà, ohun tí mò ń wí ni pé…"

"Pimenta!"

Pimenta ti rìn lọ díẹ̀. Ó ń wo ojú ọ̀run bí ẹni tó ń retí òjò.

"Olè!" ni apá kan òkè dá a.

"Dókítà!" ni apá kejì gbè é.

Lórí pápá, Lourenço Maria tún dúró ti bọ́ọ̀lù níwájú àga náà, ọmọ ikọ̀ kejì kan sì ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Dário na ìka, ó ké "Dókítà!" tokuntokun. Ìka náà kọjú sí ibi tí ọ̀gá wa wà gẹ́lẹ́.

Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, òun ní í mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Dókítà já máíkì gbà lọ́wọ́ ọkùnrin tó ń kéde orúkọ àwọn agbábọ́ọ̀lù, ohùn rẹ̀ sì bú jáde ní gbogbo igun pápá.

"Ẹ̀yin ará Alcarvela! Ẹ̀yin aláìmoore! Èmi kì í ṣe olè! Ta ló ní mo jí àyè Ivo Semedo? Kí ó jáde! Mi ò jí i! Mo kàn gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ ni! Ọmọ ìsàmì mi ni Lourenço Maria, ìyá rẹ̀ ló bẹ̀ mí nídìí oúnjẹ, mo sì ṣe é bí ọmọlúàbí ènìyàn! Bí ìyẹn bá jẹ́ olè, a jẹ́ pé olè ni gbogbo wa, láti orí ààrẹ tó fi mí sípò nítorí ìwé àṣẹ búrẹ́…"

Ohùn náà dá wáí. Ààrẹ fúnra rẹ̀ ló fa wáyà yọ.

Rẹfirí gbé fèrè kúrò lẹ́nu. Bọ́ọ̀lù yí gbirigbiri jáde fúnra rẹ̀, kò sẹ́ni tó tẹ̀ lé e. Dário dúró níwájú Dókítà, òógùn ń kán ní àgbọ̀n rẹ̀. Kò sí ẹ̀fẹ̀ lójú rẹ̀ mọ́. Ẹ̀rù ló ń bà á.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà," ló wí, "Lourenço là ń kìlọ̀ fún. Ẹnì kan ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Bó ṣe máa ń rí látọjọ́ náà nìyẹn, sà. A ò mẹ́nu ba Ivo."

Dókítà wo ojú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Wọ́n ní ẹni tó jalè lẹ́ẹ̀kan, bó bá da àrán borí, aṣọ olè ló dà bora. Ọ̀gá wa kò dúró de ẹni tí yóò bọ́ ọ. Òun fúnra rẹ̀ ló ṣí àrán náà, tó tún ké sí gbogbo ìlú kí wọ́n wá wo abẹ́ rẹ̀.

Nígbà náà ni òkè bú. Kì í ṣe ẹ̀rín o. Ariwo tó le ju ẹ̀rín lọ ni. Ààrẹ Rebocho wo àwọn olùdìbò rẹ̀, ó rí i pé ìfẹ́ òdodo ti sọ̀ kalẹ̀ sórí òun lójijì.

"Dókítà, ẹ ti ṣiṣẹ́ ribiribi fún wa," ló wí, ó ń tẹ ejìká rẹ̀ sí ọ̀nà ìjáde. "Ẹ lọ sinmi."

"Títí di ìgbà wo?"

"Títí lọ."

"Pimenta, mú fìlà mi!"

"Ààrẹ," ni Pimenta wí, ó ti wà lápá kejì, "ó pẹ́ tí mo ti ń sọ ọ́ nínú ara mi. Ìpinnu yín yìí, ó yẹ kí wọ́n gbẹ́ ẹ sára òkúta."

Bí Dókítà ṣe gba etí pápá jáde nìyẹn, orí ló kọ́kọ́ lọ lọ́tẹ̀ yìí, ẹsẹ̀ ń wọ́ tẹ̀ lé e. Kò sẹ́ni tó sọ òkúta sí i. Àwọn ọmọ ọdún mẹ́fà tó jókòó sórí koríko tilẹ̀ juwọ́ sí i, wọ́n rò pé àsìkò eré ti parí.

Mísítà Adelino kọjú sí bẹ́ǹṣì. "Ivo. Bọ́ kóòtù."

Ivo kò tètè dìde. "Ṣé wọ́n ti fún yín láṣẹ ni, Mísítà?"

Ọ̀rọ̀ náà wọ Adelino lára. "Rárá," ló wí. "Ó yẹ kí n ti ṣe é láìsí àṣẹ. Bọ́ ọ."

Lourenço Maria ti ń bọ̀ fúnra rẹ̀. Ó bọ́ jẹ́sì nọ́ńbà mẹ́wàá, ó nà án sí Ivo, ojú tì í, ara sì tù ú.

"Má bínú," ló wí. "Mo bẹ màmá mi kí wọ́n jẹ́ kí n lọ kọ́ odò wíwẹ̀. Wọ́n ní kò sí ẹni tí àwọn mọ̀ níbẹ̀."

"Kò sí wàhálà," ni Ivo wí, ó ki orí bọ jẹ́sì náà. Ó gbóná, ó rin fún òógùn ẹlòmíràn.

Eré bẹ̀rẹ̀ padà. Gbogbo ènìyàn dìde láti wo ọmọ tí wọ́n jí nǹkan rẹ̀. Ó dá mi lójú pé iṣẹ́ ìyanu ni wọ́n ń retí: kó fi ẹsẹ̀ kan ju gólù sáwọ̀n, kí wọ́n lè sunkún, kí wọ́n sì gbàgbé pé àwọn náà kàn ń wò ó níran ni láti ọjọ́ yìí wá. Bọ́ọ̀lù wá bá a. Ó gbà á, ó yí padà, ara rẹ̀ ti le nítorí ìjókòó pípẹ́.

"Olè!" ni Quim ké láti ẹnu ilé.

Ó ti pẹ́ jù. Ọmọ ikọ̀ kejì fi ẹsẹ̀ yọ bọ́ọ̀lù náà mọ́ ọn lẹ́sẹ̀, Ivo sì ṣubú lulẹ̀ gbà.

Ọkùnrin kan fi búrẹ́dì rẹ̀ lu orúnkún lókè. "Ẹ ò rí nǹkan! Gbogbo ariwo yìí! Òun náà ló sọ ọ́ nù yìí o!"

Nhá Tanha yí sí i. Kò jágbe mọ́ ọn. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí ẹnikẹ́ni gbọ́ tó sọ̀rọ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́ nínú pápá.

"Kó sọ ọ́ nù," ló wí. "Tirẹ̀ ni."